Ìjánu Lẹ́nu Iná

Awọ ni a fi mọ ìdílé obìnrin kan kí ó tó di pé a fi bàbà mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tí ó bí bàbá bàbá rẹ̀ ni ó ń rán ìjánu ní ayé ìgbà tí ẹṣin ṣì jẹ́ ẹsẹ̀ àwọn alágbára. Ọkùnrin náà kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n bí ẹṣin tí ó ti gbé ẹni púpọ̀ ṣubú bá fi ẹnu kan awọ tí ó rán, yóò dúró jẹ́ẹ́, yóò máa jẹ ẹnu lásán bí arúgbó tí kò léyín. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń kì wọ́n ní ọmọ afawọ-tẹ́ẹ́rẹ́-dá-ẹṣin-ńlá-dúró. Ọmọ rẹ̀ náà rán ìjánu. Nígbà tí ó fi máa kan bàbá obìnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹṣin ti tán lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ti gba títì. Bàtà àti báàgì ni bàbá náà ń fi abẹ́rẹ́ àwọn bàbá rẹ̀ rán, ṣùgbọ́n ó fi ìjánu kan ṣoṣo kọ́ sára ògiri lókè ibùsùn rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé kí ni ó ń fi í ṣe nígbà tí kò lẹ́ṣin, a fèsì pé, “Ẹṣin ni ó tán. Ohun tí ń gbé ènìyàn ṣubú kò tí ì tán.”

Obìnrin yìí ni àkọ́bí rẹ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Adínnákù ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gàn ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì di dandan kí a sọ bí ẹ̀gàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kí a tó lè sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́.

Kò rán awọ. Ìsọ̀ awékọ́ìlì kan wà ní òdìkejì ìsọ̀ bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tú ikùn ẹ̀rọ tí iná ti jó, tí wọ́n ń fa okùn bàbà dúdú jáde nínú rẹ̀ bí ìfun ẹran, tí wọ́n sì ń wé tuntun rọ́pò rẹ̀. Láti kékeré ni ọmọbìnrin náà ti máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ wò. Nígbà tí ó ní iṣẹ́ náà ni òun fẹ́ kọ́, ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ó ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Bàbá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

“Okùn náà ni,” ni ó wí. “Ọwọ́ náà ni, sùúrù náà ni. Ẹran tó wà nídìí okùn nìkan ló yí padà.”

Ibùdó tí a ti ń fa omi fún ìlú ni ó gbà á síṣẹ́, ibẹ̀ ni irun rẹ̀ sì ti funfun. Gbogbo òkú ẹ̀rọ ni a ń gbé wá bá a nínú yàrá tóóró kan lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. A máa sọ pé kí òun tó tú ẹ̀rọ kan wò, imú òun ti sọ ohun tí ó pa á. Èyí tí ọ̀rinrin pa a máa rùn bí aṣọ tí a ká láìgbẹ. Èyí tí a lò ní àlòjù a máa rùn bí ṣúgà tó jóná. Ṣùgbọ́n èyí tí wáyà inú rẹ̀ forí gbárí, ohun tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní bíríìjì, kì í rùn púpọ̀. Ojú kan ṣoṣo ni yóò ti dúdú lára rẹ̀, bí ibi tí ejò ti bu ènìyàn jẹ. Irú ìyẹn ni kì í fẹ́ fọwọ́ kàn kíákíá. A máa wò ó fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó mú irinṣẹ́.

Nínú ilé ẹ̀rọ, ẹ̀rọ afàmi mẹ́ta ni ó tò sílẹ̀. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni àpótí irin gíga kan dúró, tí ó ń sọ fún ẹ̀rọ náà bí yóò ti yí kíákíá tó. Àpótí ìdarí ni wọ́n ń pè é. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí ó bá a pín ọmú ìyá mu, ni ó ń ṣọ́ àwọn àpótí náà. Àga onírin kan wà níwájú àpótí kẹta, èyí tí ń darí omi lọ sí orí òkè, orí àga náà sì ni ọkùnrin yìí ń gbé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Aláwàdà ni. Àwọn ọmọnlé a máa wọ inú àpótí nítorí ooru rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sì ní kí ó dí ihò tí wọ́n ń gbà wọlé, ẹ̀rín ni yóò bú sí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ kò gbọ́ orúkọ wọn ni? Ọmọ ilé ni wọ́n. Ta ló ń lé ọmọ ilé síta?”

Ní àkókò yẹn, tiransifọ́mà ògbólógbòó kan ni ó ń gbé iná fún ibùdó náà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀rọ kẹta bá fẹ́ gbéra, gbogbo gílóòbù inú ọgbà a pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún sùn, omi kì í sì í fẹ́ gun òkè. Àwọn obìnrin orí òkè a máa gbé kẹ́ẹ̀gì sọ̀kalẹ̀ wá, àbúrò yìí ni wọ́n sì ń bú lójú títì bí ẹni pé òun ni ó mu omi wọn. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí a gbé tiransifọ́mà tuntun dé, tí ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, kò sí ẹni tí ó yọ̀ tó o. Omi gun òkè, ó tú yàà lẹ́nu ẹ̀rọ omi ilé wọn. Ìyá àgbà kan tí ó ti gégùn-ún fún un rí bu omi náà sínú ife, ó fi ránṣẹ́ sí i, ó ní kí ó tọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ẹ̀yìn ògiri yàrá rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé tiransifọ́mà náà sí. Ti àtijọ́ a máa kùn bí arúgbó tó ń sùn. Eléyìí ń kùn bí ẹran tí ó ti yó ṣùgbọ́n tí kò tí ì sùn.

Kò pẹ́ tí ohun kékeré kan fi ṣẹlẹ̀. Ó ń tún fáànù kan ṣe lórí tábìlì, wáyà kan yọ́ lọ, ó fẹnu kan èkejì. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láìmọye ìgbà rí: yóò ta pàrà, bíréékà yóò já, yóò bú ara rẹ̀ díẹ̀, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yìí, ó dún bí ìbọn. Nígbà tí ojú rẹ̀ padà ríran, apá kan ẹnu púláyà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di àwátì. Kò ṣẹ́, kò tẹ̀. A kàn wá a tì. Ògiri iwájú rẹ̀ sì ti dúdú. Fáànù náà ni, wáyà náà ni, ọwọ́ náà ni. Ohun tí ó dúró lẹ́yìn wọn ni ó yí padà.

Ó tọ ẹnjiníà tí ó wá gbé tiransifọ́mà kalẹ̀ lọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí èdè àwọn òṣìṣẹ́ kò sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹnjiníà ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún ọ̀gá ibùdó, ọ̀gá sì ti mi orí láìgbọ́ ọ. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún obìnrin náà. Bí iná bá ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ bá béèrè ni ó ń gbé wá. Ṣùgbọ́n bí bíríìjì bá ṣẹlẹ̀, kò sí ìwọ̀n mọ́. Gbogbo ohun tí tiransifọ́mà bá lè tì ni yóò tì gba ojú ibẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Ìgbà ayé tiransifọ́mà àtijọ́ ni a ra àwọn àpótí ìdarí wọ̀nyí, ìkọlù tirẹ̀ sì ni a kọ́ wọn láti fara dà. Bí ti tuntun yìí bá kọlù wọ́n, irin wọn kò ní lè dì í mú. Ilẹ̀kùn wọn yóò di ọta. Oògùn rẹ̀ ni kí a wé wáyà bàbà tó nípọn mọ́ irin, kí a fi kọ́ìlì náà sẹ́nu ọ̀nà àpótí kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fíúsì tí ń já kíákíá. Iná òòjọ́ yóò gba ibẹ̀ kọjá láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n bí ìjàǹbá bá fẹ́ sáré wọlé lójijì, kọ́ìlì yóò takò ó, ìba tí yóò dé inú kò sì ní ju ohun tí àpótí lè gbà lọ.

Ẹnjiníà ya bí a ó ti wé e fún un. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, nítorí fífi í sí i yóò mú kí ẹ̀rọ dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ibòmíràn tí iṣẹ́ ti pè é.

Níbí ni àṣìṣe ti wọlé, inú ọ̀rọ̀ ni ó sì ti wá. Ní èdè wa, iná ni a fi ń se oúnjẹ, iná ni ó ń tàn nínú gílóòbù, iná náà ni ó ń jó ilé. Agbára ni à ń pe ohun tí ń ṣiṣẹ́ fún ni, agbára náà ni à ń pe ohun tí ń pa ni. Obìnrin náà dìde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ní ìpàdé, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin ará, a gbọ́dọ̀ dín agbára iná kù lẹ́nu àwọn àpótí yìí.”

Ilé dàrú.

“Kí la ó dín kù?” ni ọ̀gá ibùdó wí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ẹkún àwọn ará òkè ti gún un lára pẹ́. “Iná tí a fi orúnkún bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fún wa, òun la tún fẹ́ dín kù, ìyá?”

“Ẹ má dá wọn lóhùn, Ọ̀gá,” ni ajórinmọ́rin wí, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ gbóná ju iná iṣẹ́ rẹ̀ lọ. “Bí ẹ̀rọ ò bá jó mọ́, ta ni wọ́n á máa wé kọ́ìlì fún? Ẹ ti rí ẹni tó ń kan pósí tó ń gbàdúrà kí aráyé pẹ́?”

“Adínnákù!” ni ẹlòmíràn ké láti ẹ̀yìn. “Ìyá Adínnákù, ẹ dín ti ilé yín kù ná!”

Ó ń gbìyànjú láti sọ pé agbára ìjàǹbá ni, pé kì í ṣe agbára iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bo ohùn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ó dìde, kò wo ojú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni wọ́n ń bú nígbà tí omi ò gun òkè, kì í ṣe ẹ̀yin. Èyí tó bá jó, ẹ máa wé e. Èyí tí ò jó, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́.”

Orúkọ náà bá a délé. Bí gílóòbù bá ṣẹ́jú ní ilé ẹnikẹ́ni, wọn a ní Adínnákù ti kọjá nìyẹn. Ẹni tí ń ta búrẹ́dì a máa bi í bóyá kí òun dín tirẹ̀ kù. Obìnrin náà a rẹ́rìn-ín, a sanwó, a kọjá. Ìjáyà tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti orúkọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ògiri ilé ẹ̀rọ ń làágùn, àwọn ọmọnlé sì ń wá ibi gbígbẹ. Nígbàkígbà tí ó bá kọjá lójú fèrèsé, yóò rí àbúrò rẹ̀ lórí àga, àyà rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn àpótí kẹta bí ẹni tó ń yáná. Ní ọjọ́ kan ó rí ọmọnlé kan lẹ́nu ihò àpótí náà. Ìrù rẹ̀ wà nínú, orí rẹ̀ wà níta, bí onílé tó yọjú wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé kọ́ìlì náà láìka ẹ̀gàn sí. Ọ̀gá kò dí i lọ́wọ́. “Ẹ wé e bó bá wù yín, ìyá. Àmọ́ ẹ̀rọ kankan ò ní dúró nítorí rẹ̀.” Kọ́ìlì mẹ́ta parí, wọ́n jókòó sí igun yàrá rẹ̀, eruku ń bò wọ́n. Ẹran ẹ̀yìn ògiri sì ń kùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó lọ kí bàbá rẹ̀. Ojú bàbá ti ń ṣú, etí rẹ̀ sì mú. Ó gbọ́ ìtàn náà tán, ó ní kí ó gbé ìjánu sọ̀kalẹ̀ lára ògiri.

“Kí ni èyí ń dín kù lára ẹṣin?”

“Agbára rẹ̀ ni, bàbá.”

“Irọ́. Ẹṣin tó wà nínú ìjánu ń fa ẹrù, ó ń gun òkè, ó ń sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, èémí rẹ̀ pé. Kí ni ìjánu dì mú?”

Obìnrin náà yí awọ náà lọ́wọ́. “Wèrè rẹ̀.”

“Ẹ̀n-hẹ́n. Ọmọ rere lo bí, orúkọ ìyà lo sọ ọ́. Ta ló máa gba àdínkù wọlé? Èmi gan-an ò ní gbà á. Àwọn bàbá rẹ ò sọ fún ẹlẹ́ṣin rí pé àwọn fẹ́ bá a dín ẹṣin kù. Ebi ni ì bá pa wọ́n kú.”

Ní ọjọ́ kejì, ó gba ilé ẹ̀rọ lọ. Àbúrò rẹ̀ dìde fún un lórí àga, ó sì kí i tìkanra-tìkanra.

“Bàbá ní kí n mú nǹkan wá fún ọ,” ni ó wí, ó sì gbé ìjánu lé e lọ́wọ́.

Àbúrò yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Kí ni kí n fi ṣe? Ẹ̀yin lẹ lẹ́nu jù nínú wa. Ẹ̀yin ló yẹ ká fi í sí lẹ́nu.”

Láti ọjọ́ ìpàdé, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kí ẹ̀rín náà tán.

“A ò ní pè é ní àdínkù mọ́. Ìjánu ni. Omi á máa gun òkè bó ṣe ń gùn ún. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹṣin ẹ̀yìn ògiri yìí bá ya wèrè, ìwọ ló jókòó sí ọ̀gangan pátákò rẹ̀.”

Ọkùnrin náà wo àpótí náà bí ẹni tí kò rí i rí.

“Èyí kọ́ lẹ sọ ní ìpàdé.”

“Òun ni. Ẹnu mi ló bà á jẹ́.”

“Bí omi ò bá wá gun òkè mọ́ ńkọ́?”

“Kí o tú u kúrò. Kí o ní èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sí i, kí wọ́n wá bá mi nílé.”

Àbúrò náà fúnra rẹ̀ ni ó lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá gbọ́ ìjánu, ó gbọ́ wèrè ẹṣin, ó fọwọ́ gbá orí. “Kí ló dé tí ìyá ò sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?” Ó gbà pé kí a fi í sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí táńkì bá kún. Àpótí kẹta ni obìnrin náà fẹ́ fi ṣe àkọ́kọ́. Àbúrò rẹ̀ kọ̀. “Ti òkè ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìkẹyìn, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò fẹ́ gbọ́ èébú mọ́.” Obìnrin náà fẹ́ jiyàn, ó rántí ìpàdé, ó sì gbà. Gbígbà tí ó gbà yìí ni ó máa ń mú kí ó mi orí ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Wọ́n fi ìjánu sí àpótí kìn-ín-ní. Omi kò dín. Ajórinmọ́rin wá wò ó, ó fi ìka gbá kọ́ìlì náà, ó ní, “Ṣé ẹṣin ti jẹun?” Ẹ̀gàn ti ń di àwàdà.

Ọjọ́ tí ó kan èkejì, òjò ti rọ̀ ní òwúrọ̀, oòrùn sì mú ní ọ̀sán. A ti pa iná àpótí kejì. Kìn-ín-ní àti ẹ̀kẹta ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà wà lẹ́yìn àpótí kejì lórí orúnkún, kọ́ìlì náà wúwo, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ká a mọ́.

“Wá bá mi di orí irin yìí mú.”

“Ẹ jẹ́ kí n jókòó jẹ́jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kan àga ni.”

“Dìde, ọ̀lẹ.”

Ó fi ìkùnsínú dìde. Ó rìn wá sí ẹ̀yìn àpótí náà, ó tẹ̀ ba, ó na ọwọ́. Kò tí ì di irin náà mú dáadáa.

Kò dún bí ìbọn. Ìbọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Èyí kún ilé náà lẹ́ẹ̀kan náà, ó funfun, ó sì gbá wọn mọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òkùnkùn, àti òórùn irin tó ti di èéfín. Gbogbo ẹ̀rọ ti dákẹ́. Nígbà tí èéfín tú, ilẹ̀kùn àpótí kẹta kò sí ní ààyè rẹ̀. Ó wà lára ògiri òdìkejì. Àga onírin náà wà láàárín òun àti ògiri, ó ká bí ìwé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wọ inú bíríkì lọ. Nínú àpótí náà, lórí irin méjì tí kò yẹ kí ohunkóhun so pọ̀, àwòrán ọmọnlé kan wà níbẹ̀, dúdú, orí àti ìrù. Ara rẹ̀ kò sí mọ́.

“Ọmọ ilé,” ni àbúrò rẹ̀ wí. Kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ní etí òsì, kò sì tún fi etí náà gbọ́ ohunkóhun títí di òní.

Ọ̀gá sáré dé. Ó wo àga, ó wo ọkùnrin tí ó máa ń jókòó sórí rẹ̀, ó ṣí fìlà. Kò sí ẹni tí ó pe Adínnákù lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ tí kò bá ti ní ìjánu kò gbọdọ̀ yí, bí gbogbo ìlú tilẹ̀ ń ké. Orí òkè gbẹ títí a fi rí àpótí mìíràn, àwọn obìnrin sì tún gbé kẹ́ẹ̀gì sọ̀kalẹ̀ wá bú àbúrò yìí. Ó ní kò burú, ìlàjì èébú náà ni òun ń gbọ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé kí a tó rí ohun tí ìjánu lè ṣe. Ọmọnlé mìíràn wọ àpótí kìn-ín-ní. Ó dún gbì, bí èso pípọ́n tó bọ́ sórí ilẹ̀ tútù, fíúsì sì já. Àbúrò obìnrin náà jókòó síwájú àpótí náà lórí àga tuntun, etí òsì rẹ̀ ni ó kọ sí i. Kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ àfi ìgbà tí ẹ̀rọ dákẹ́. Obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn tí kò kúrò ní ààyè rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni ó dúdú nínú rẹ̀, bí ibi tí ejò ti bu ènìyàn jẹ tí oró kò sì wọ̀ ọ́ lára. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí àbúrò òun bá òun gbé sìmẹ́ǹtì wá, kí wọ́n dí àwọn ihò náà. Lọ́tẹ̀ yìí, àbúrò kò pe ẹnikẹ́ni ní ọmọ ilé.

Bàbá wọn ti lọ. Ìjánu rẹ̀ kọ́ sára ògiri ilé ẹ̀rọ, lókè ihò ẹsẹ̀ àga tí ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má dí. Tiransifọ́mà kò yé kùn lẹ́yìn yàrá tóóró náà; ẹlòmíràn ni ó ń wé kọ́ìlì níbẹ̀ báyìí. Ní àwọn ibùdó tí wọn kò ti mọ ojú obìnrin yìí, àwọn oníṣẹ́ iná a máa bi ara wọn kí wọ́n tó tan àpótí tuntun, pé, “Ṣé ẹ ti fi ìjánu sí i?” Adínnákù ni a ṣì ń pè é, ó sì ń dáhùn. Kò kọ́ ilé aláruru, kò sì kó ọrọ̀ jọ. Ó rí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún ohun tí ó mọ̀, bí ó tilẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kí ó tó rí i. Láti ìgbà tí ìjánu ti wọ àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi ń gun òkè, a kò sì gbé òkú ẹnikẹ́ni jáde nínú ilé ẹ̀rọ náà.